Bàbá ará Àjàṣẹ́, ìyá ọmọ Àgbádárìgì: ọmọ ibo lọmọ wọn?

Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Àgbádárìgì, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, àdúgbò Jegba ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá tiẹ̀ sí. Ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọkọ mi, ìwé orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà ló ń lò. Ọsibítù ìjọba níbí ni mo bí àkọ́bí wa sí. Nígbà tí oyún èkejì pé oṣù mẹ́jọ, mo lọ kí ìyá ọkọ mi, ara mi kò yá lọ́hùn-ún, wọ́n gbé mi lọ sí Kútọnu, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Mo lọ sí káńsù láti gbàwé ọmọ ìbílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní ọmọ bàbá lọmọ, ó ní ará Benin làwọn méjèèjì. Ẹlòmíràn wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú ṣe ìwé ìbí tuntun fún èkejì, kí n kọ Àgbádárìgì sí i, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ọmọ Nàìjíríà làwọn ọmọ mi àbí wọn kì í ṣe é? Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ fọkàn balẹ̀, arábìnrin wa. Ọmọ Nàìjíríà làwọn ọmọ yín méjèèjì. Ìbí ló sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti délé ayé, ara yín ni wọ́n sì ti rí i gbà. Fífẹ́ tí ẹ fẹ́ ará ilẹ̀ míràn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ wọn. Ohun tó dà yín láàmú ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni akọ̀wé yẹn dì sínú ẹrù kan: ta ni ọmọ Nàìjíríà, ta ni ọmọ ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, àti ìwé wo la fi ń fi ìdí èyí tàbí tọ̀hún múlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà.

Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, ọ̀nà mẹ́ta ló sì là. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí ọ̀kan nínú òbí àgbà rẹ̀ sì wá láti inú àwọn ìlú tàbí ẹ̀yà tó jẹ́ onílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn ọjọ́ náà, tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ míràn, tí òbí rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ọ̀rọ̀ tó dúró gedegbe níbẹ̀ ni “òbí kan”. Òfin kò dárúkọ bàbá. Kò béèrè bóyá kóòtù, mọ́ṣáláṣí tàbí ìdílé ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, kò tilẹ̀ béèrè bóyá ìgbéyàwó wà rárá. Àkọ́bí yín bọ́ sí ọ̀nà kejì, àbúrò rẹ̀ bọ́ sí ìkẹta. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé, kíjìpá nìkan ti tó láti fi bo ọmọ.

Kí ló wá fà á tí akọ̀wé fi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá a lójú? Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́ ni àṣà. Láàárín Yorùbá àti Ègùn, agboolé bàbá lọmọ ń jẹ́. Orúkọ bàbá ló ń jẹ́, oríkì ìdílé bàbá ni wọ́n fi ń kì í, ilẹ̀ bàbá ló ń retí láti pín. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n òfin ìdílé ni. Èkejì ni pé òfin ìlú náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960 àti èyí tó tẹ̀lé e ní 1963, bàbá ni wọ́n ń wò fún ọmọ tí wọ́n bá bí sí òkèèrè. Ká ní ìgbà yẹn lẹ bímọ yín sí Kútọnu fún ará ibẹ̀, òfin kò ní kà á mọ́ wa. Ìwé òfin 1979 ló yí i padà tó fi di pé bàbá tàbí ìyá, èyíkéyìí tó. Ti 1999 sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ káńsù lẹ́nu ọ̀gá, tí ọ̀gá náà kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tiẹ̀, lè máa fi òfin tó ti kú láti ogójì ọdún ó lé ṣe ìdájọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí dòní, kó má sì mọ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jókòó nídìí tábìlì yẹn mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí ìwé òfin 1979 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ mú Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman, aṣáájú ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ilé púpọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n lé e kọjá ẹnubodè sí ilẹ̀ Chad. Ohun tí wọ́n wí ni pé ará Chad ni bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ̀rí fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀. Kóòtù gíga Borno dá a láre pé ọmọ Nàìjíríà ni, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e. Nígbà tí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ibẹ̀ náà gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó ìtanràn fún un. Aṣòfin tó lórúkọ tó ní agbẹjọ́rò ni wọ́n ṣe báyìí fún, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó jọ yín lójú pé ẹnì kan lè sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà sí obìnrin tó gbé ọmọ méjì dání wá sí káńsù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ni òfin wà.

Àṣìyé mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún, torí òun ló bí ìmọ̀ràn burúkú tí wọ́n fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ sí ló ni ọmọ. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, níbi tí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin wọn ní 1868 ti fi agbára ńlá fún ilẹ̀ ìbí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí tọkọtaya ará Benin méjì bá bímọ sí ọsibítù ní Àgbádárìgì, tí kò sí òbí tàbí òbí àgbà ọmọ náà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìbí yẹn kò sọ ọmọ náà di ọmọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹtẹ̀ Àjọ Ìkànìyàn wà lára ìwé ìbí rẹ̀, tó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Èkó mìíràn lọ. Ibi tí wọ́n bí ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti orúkọ àwọn tó bí i ni ìwé ìbí ń sọ. Nítorí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ rí ìwé tó ní Àgbádárìgì lẹ bí èkejì yín sí, kò fi nǹkan kan kún ohun tí ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wá, ibi yòówù tí ẹ ti bí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ìwé èké yẹn. Ẹ wo ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Orúkọ ọmọ náà ti wà nínú ìwé ọsibítù iṣẹ́ abẹ ní Kútọnu, ó sì ṣeé ṣe kó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ tàbí àwọn ẹbí bàbá á lo ìwé ti ọ̀hún fún un, bóyá nítorí ilé ẹ̀kọ́, bóyá nítorí ogún. Ọmọ kan á wá ní ibi ìbí méjì, nígbà mìíràn ọjọ́ ìbí méjì, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ìwé èké kì í sábà rántí ọjọ́ gan-an. Bó bá dàgbà tó ń wá físà, fọ́ọ̀mù á béèrè bóyá ó ti lo orúkọ tàbí ìwé míràn rí, ohunkóhun tó bá sì kọ síbẹ̀ á máa lé e kiri. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fún akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ìbí ní ọ̀rọ̀ èké, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti búra èké ní kóòtù. Ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ tó mọ́ kedere, ẹ má fi ọwọ́ ara yín kó ẹrẹ̀ bá a.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ló kàn. Ìwé tí ẹ lọ gbà ní káńsù kì í ṣe ìwé tó ń sọ èèyàn di ọmọ Nàìjíríà. Ìwé tó ń sọ pé ìlú báyìí nínú ìpínlẹ̀ báyìí lẹni náà ti ṣẹ̀ ni, òun ni wọ́n ń béèrè fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìjọba àti pásípọ́ọ̀tù. Abala 318 ìwé òfin kan náà sọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ kan, tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Òbí kan náà la tún rí níbẹ̀. Bí bàbá yín bá jẹ́ ọmọ Jegba lóòótọ́, àwọn ọmọ yín jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó láti ọ̀dọ̀ yín. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín pé ibí yìí ni ìjà náà ti máa ń le jù, torí àṣà káńsù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àwọn kan sì taku pé ìlú bàbá nìkan làwọn ń kọ. Ohun tó ń ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí àdúgbò yín, kó kọ orúkọ bàbá yín àti agboolé rẹ̀ sí i, kó sì kọ ọ́ pé ọmọbìnrin ilé ni yín. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tiyín bí ẹ kò bá ì ní in. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó béèrè tàwọn ọmọ, pẹ̀lú ẹ̀dà abala 25 àti 318 tí ẹ tẹ̀ jáde sórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má bá akọ̀wé jà. Ẹ ní kó kọ ìdí tí kò fi fún yín sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́ kì í fẹ́ kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń pè ní OPD, àti Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀, lè bá yín kọ lẹ́tà láìgba owó agbẹjọ́rò. Bí ó bá sì dé kóòtù, kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin gbé ẹjọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́.

Mi ò rí ìwé yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn, gbogbo rẹ̀ sì so mọ́ jíjẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní agbègbè yín, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè tó rọrùn fún gbogbo ìdílé. Oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi la ààlà láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n di ará ìhín tí àbúrò di ará ọ̀hún. Ègùn wà níhìn-ín, Ègùn wà lọ́hùn-ún, Yorùbá náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà èdè ẹnu èèyàn kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún un tàbí lòdì sí i. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ kọjá wá láti Àjàṣẹ́ ní láti wá òbí tàbí òbí àgbà mìíràn tó jẹ́ onílẹ̀ níhìn-ín, bóyá láti ìhà ìyá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó, bí wọ́n bá ti bí ẹni náà sí Nàìjíríà. Fún òbí tàbí òbí àgbà tó ti kú ṣáájú òmìnira, abala 31 ní kí a wò ó bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960: bí ìbá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí lọ́jọ́ náà, a kà á sí bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, tó jẹ́ pé òbí àgbà nìkan ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí kò sí òbí kankan, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí. Ìgbà tó bá dàgbà ló lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n forúkọ òun sílẹ̀ lábẹ́ abala 26, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kan náà: ẹni tó gba ọ̀nà yẹn kò lè du ipò ààrẹ tàbí gómìnà. Èyí kò kan àwọn ọmọ yín, ṣùgbọ́n ó ń kan ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé ní Kútọnu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìwé. Iṣẹ́ yín ni láti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ra wọn: bàbá yín sí yín, yín sí ọmọ. Fún àkọ́bí, ẹ yẹ ìwé tí ẹ ní lọ́wọ́ wò. Káàdì tí ọsibítù fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe ìwé ìbí. Ìwé ìbí ni èyí tí Àjọ Ìkànìyàn fún yín. Òfin ní kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí a bí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ kò bá ṣe é nígbà náà, ẹ ṣì lè ṣe é báyìí. Ẹ rí i pé orúkọ tiyín hàn níbẹ̀ ní kíkún, bó ṣe wà lórí NIN yín. Bí ẹ bá ń jẹ́ orúkọ ọkọ báyìí, tí ìwé tiyín láti ilé bàbá sì ń jẹ́ orúkọ bàbá, ìwé ìgbéyàwó tàbí ìbúra kóòtù ló máa so obìnrin méjì yẹn di ẹnì kan. Láìsí rẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé yín á sọ pé òun kò mọ̀ bóyá ìyá ọmọ yìí lọmọ Jegba.

Ti èkejì gba sùúrù díẹ̀. Ẹ gbé ìwé ìbí tó wá láti Kútọnu sórí tábìlì, kí ẹ fi ìka tẹ̀lé e lẹ́tà kan sí ìkejì. Lọ́wọ́ Faransé, “u” wa ń di “ou”, “ṣ” wa ń di “ch”. Hunsu á di Hounsou, Ọlátúnjí á di Olatoundji, Adéṣínà á di Adéchina. Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú, wọ́n sì sábà máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, tí akọ̀wé wa fi máa ń kọ orúkọ sódì sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ kọ ọjọ́ ìbí dípò nọ́ńbà. “Août” tí ẹ bá rí níbẹ̀, oṣù kẹjọ ni. Orúkọ ilé bàbá ni wọ́n sì ń kọ ìyá ọmọ sí lọ́hùn-ún, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Ìyẹn ń ṣe yín láǹfààní gan-an, torí orúkọ Jegba yín wà lára ìwé náà gbangba. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ọsibítù nìkan ni wọ́n fún yín, tí ẹ kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ lásìkò, ọkọ yín ní láti gba kóòtù ibẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é kí ẹ tó ṣe ohunkóhun níhìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé náà fún ògbufọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì mọ̀, kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó kọ orúkọ bó ṣe wà gan-an, kó má bá yín tún sípẹ́lì ṣe. Ìbúra kóòtù lẹ máa fi ṣàlàyé pé Hounsou àti Hunsu, orúkọ kan náà ni. Ìbúra yẹn wà fún sípẹ́lì nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ibi ìbí kún un. Ẹ wá gba NIN fún ọmọ náà, èyí tí wọ́n máa so mọ́ NIN tiyín. Sípẹ́lì tí ẹ bá lò níbẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e dé WAEC àti dé báńkì, nítorí náà ẹ mú ẹyọ kan lọ́jọ́ náà kí ẹ má yí i mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pásípọ́ọ̀tù, orí ojú òpó Ìmígíréṣọ̀n ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó mú ọmọ lọ fún àwòrán àti ìka. Ìwé ìbí pẹ̀lú ìtúmọ̀ rẹ̀, NIN ọmọ, NIN tàbí pásípọ́ọ̀tù yín, lẹ́tà ìfọwọ́sí òbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ àti onídùúró ni ẹ máa kó dání. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ bàbá rẹ̀ sí i, ti Benin náà ni, ẹ má fi bò. Ti ọmọdé kì í ju ọdún márùn-ún lọ kó tó parí. Owó rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìpẹ́ yìí, ẹ wò ó lórí ojú òpó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san án, ẹ má sì san án fún ẹni tó dúró lẹ́nu géètì. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn jù láti ọ̀hún, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Kútọnu, ibẹ̀ náà sì jẹ́ ibi tí ẹ lè béèrè.

Ẹ lè máa rò pé bóyá ó yẹ kí àwọn ọmọ yan ọ̀kan. Rárá. Òfin Benin ka ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Benin sí tiwọn, tiwa sì ka ọmọ yín sí tiwa. Abala 28 ìwé òfin wa kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ẹ nípa ìbí nítorí pé ó ní ilẹ̀ míràn pẹ̀lú. Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí ọmọ bá pé 21, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Àwọn ìwé òfin ìgbà òmìnira ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú, èyí tí a ń lò báyìí kò ní in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìwé méjèèjì dání, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu lórí méjèèjì, kí wọ́n sì máa fi ìwé kan náà wọlé tí wọ́n fi jáde ní Sẹ̀mẹ̀.

Ọkọ yín kò sí nínú ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ilé. Bí ọkùnrin Nàìjíríà bá fẹ́ obìnrin ará Benin, abala 26 jẹ́ kí obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà. Bí obìnrin Nàìjíríà bá fẹ́ ọkùnrin ará Benin, òfin kò sọ nǹkan kan fún ọkùnrin náà; àfi kó gbé níhìn-ín fún ọdún 15, kó tó bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ abala 27. Ìrẹ́jẹ ni lójú tèmi, pé òfin tó ka ìyá sí fún ọmọ kò ka ìyàwó sí fún ọkọ. Wọ́n gbé àbá láti tún un ṣe wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022, kò sì rí ìbò tó lè gbé e kọjá. Ní báyìí, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún un ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Bó bá ń gbé níhìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ sí ọ̀dọ̀ Ìmígíréṣọ̀n kí wọ́n fún un ní ìwé ìgbé-ìlú ti ECOWAS. Kó má gba káàdì ìdìbò, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fi lọ̀ ọ́. Káàdì kan péré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi máa wo gbogbo ìwé ilé yín tìfura-tìfura, títí kan ti àwọn ọmọ tí ìwé wọn mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ìwé Kútọnu ni. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gba ẹ̀dà kíkún rẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sílé. Kí òun tó kúrò níwájú akọ̀wé ibẹ̀, kó ka orúkọ yín lórí rẹ̀ fún yín lórí fóònù, lẹ́tà kan sí ìkejì.